Ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń gba ọmọdé lásìkò ìsinmi ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti Èkó ni, apá ọ̀nà Ìbàdàn là ń gbé, iléèwé sì máa tó tì nípàrí oṣù keje yìí, ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, èkejì mẹ́jọ, àbíkẹ́yìn ò ju mẹ́rin lọ. Iṣẹ́ ọ́físì ni mò ń ṣe, aago mẹ́jọ ni mò ń wọlé, tí aago márùn-ún ò bá tíì lù mi ò lè dìde níbẹ̀, bàbá wọn ṣì wà l'Ékòó, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá. Màmá mi ló ń bá mi mú wọn nígbà tí a wà lọ́hùn-ún. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n wá ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe VBS, ìyẹn ẹ̀kọ́ Bíbélì fún àwọn ọmọdé nígbà ìsinmi, ó ní ọ̀fẹ́ ni, pé wọ́n á máa bá mi mú wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ títí iléèwé á fi wọlé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣọ́ọ̀ṣì wo? Ṣé dandan ni kí n jẹ́ ọmọ ìjọ? Bápítísìtì ni wá o, àmọ́ a ò tíì rí ibi tí a máa fìdí mọ́lẹ̀ sí níbí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún mi pé kí n gba ọmọ ọ̀dọ̀, mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu gbogbo ayé.

Ọmọ Molipa
Ẹ káàbọ̀ sí Ìjẹ̀bú ma. Ẹ lọ béèrè ní kàtídírà àwọn Àǹgílíkà ní Italupe, ẹ béèrè ní St. Sebastian ti àwọn Kátólíìkì náà, àwọn Bápítísìtì yín náà wà nígboro. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sọ́ńdè ni kí ẹ lọ, ìgbà yẹn ni wọ́n ń ka ìkéde. Bí ẹ bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀, gáàdì nìkan lẹ máa bá níbẹ̀, gáàdì ò sì mọ nǹkan kan.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́
Ìyá Àdùkẹ́, ẹni tó sọ fún yín pé VBS máa gba ọmọ látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ títí iléèwé á fi wọlé, kò tíì mú ọmọ lọ síbẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní Sọ́ńdè sùkúù, mo mọ bó ṣe ń lọ. VBS tó jẹ́ VBS gan-an, ọ̀sẹ̀ kan ni, Mọ́ńdè sí Fúráídè, tó bá pọ̀ tán ọ̀sẹ̀ méjì. Bíi aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti parí ní aago kan ọ̀sán. Orin, ìtàn Bíbélì, ẹsẹ àkọ́sórí, iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú páálí àti gọ́ọ̀mù, eré nínú ọgbà, wọ́n á fún wọn ní bísíkítì tàbí ìrẹsì, wọ́n á gbàdúrà, ó tán, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó bá tẹ̀ lé e àwọn ọmọ á jáde síwájú ìjọ wá ṣe ohun tí wọ́n kọ́. Kò sí ẹni tí wọ́n ń san owó fún nínú àwọn tó ń ṣe é, àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní yunifásítì tí wọ́n wálé, ìyá tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ ò lè ní kí irú wọn mú ọmọ fún yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú ni pé ohun gbogbo tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti ṣe nínú ìsinmi ni wọ́n ń pè ní "summer" lórí bánà. Ó lè jẹ́ VBS tí mo sọ yìí. Ó lè jẹ́ họ́lídè lẹ́sìn, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ wọn, owó sì ni. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, kéèkì, ọṣẹ, ìlẹ̀kẹ̀, kọ̀ǹpútà, èyí sì wà fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀. Ó sì lè jẹ́ kámpù tí wọ́n máa sùn síbẹ̀, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó kó ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ sùn níbi tí kò mọ ẹnì kankan. Nítorí náà ẹ má béèrè pé "ṣé ẹ ń ṣe summer?" Ohun tí ẹ máa béèrè ni ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó ń parí, aago tí wọ́n ń jáde, àti ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ń gbà. Wọ́n lè má gba ọmọ ọdún mẹ́rin yín tí kò bá tíì lè sọ pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n.

Ti pé ẹ kì í ṣe ọmọ ìjọ, kò sí wàhálà. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì fi ń ṣe é ni kí ọmọ àdúgbò lè wá.

Adé Ṣágámù
Tíṣà, ẹ má wulẹ̀ kó gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sójú kan o. Ní tiwa níbí ní Ṣágámù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, aago mẹ́ta ni wọ́n ń jáde, oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n fi ń kàwé, tó bá di ọ̀sán ẹ̀kọ́ Bíbélì àti orin. ₦15,000 ni mo san fún ọmọ kan ní ọdún tó kọjá, ẹni tó bá kó ju ọmọ méjì wá wọ́n dín in kù fún un.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́
Adé, lẹ́sìn nìyẹn, Bíbélì ni wọ́n fi kún un. Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn.

Adé Ṣágámù
Orúkọ yòówù kí ẹ pè é, ọmọ mi wà níbẹ̀ títí aago mẹ́ta, mo sì rí iṣẹ́ mi ṣe 😂

Màmá Gàrí
Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ń ṣe tèmi torí ọjà ni mo wà, mi ò lè máa gbé ọmọ kiri ìsọ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe é lọ́sẹ̀ kan náà. Tó bá ti di oṣù keje mo máa ń wo bánà tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri àti òpó iná, mo máa ń bi àwọn oníbàárà mi náà, mo wá ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ yìí wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n wà ní Rídíìmù, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti ìjọ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì kan náà ni wọ́n ń gbọ́ níbi gbogbo, ọmọkùnrin mi ti wá mọ ọ́n débi pé ó ń bá tíṣà parí rẹ̀, kò pa á lára.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ọ̀sán. Aago kan ni wọ́n ń jáde, ẹ̀yin aago márùn-ún. Àǹtí kan tó ń ránṣọ ládùúgbò wa ló ń bá mi lọ mú wọn, mo ń fún un lówó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n bá dé wọ́n á mu gàrí pẹ̀lú ẹ̀pà, wọ́n á sùn. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹni tó máa mú wọn lọ́sàn-án ṣòro wá ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Bàbá Ìbejì
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ aago àti owó, kò sí ẹni tó béèrè ta ló máa wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá.

Èmi ò kọ VBS o, àwọn ọmọ mi ń lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mi ò ní dárúkọ, mo dé ibẹ̀ láti mú àwọn ìbejì, wọ́n ní ẹnì kan ti wá mú wọn. Ta ni? Wọ́n ní ó ní òun mọ bàbá wọn. Alábàágbé wa ni, lóòótọ́ ó mọ̀ mí, ilé ló sì kó wọn lọ, ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni torí òjò ti ń ṣú. Ẹ wò ó, kò sí ẹnì kankan tó pè mí. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni buwọ́ lù. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ń kọ́?

Látìgbà yẹn kí n tó fi ọmọ sílẹ̀ mo máa ń béèrè. Ṣé àgbàlagbà méjì ló máa wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo? Ta ló ń mú àwọn kékeré lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣé obìnrin ni, ṣé ilẹ̀kùn ìta ń wà ní ṣíṣí? Ṣé rẹ́jísítà wà tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó mú ọmọ wá àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un lọ? Ta lèèyàn lè lọ bá tí ọmọ bá ní ẹnì kan fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ? Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé kò sí àṣírí tí àgbàlagbà lè ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà ní Nàìjíríà láti 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn ti sọ ọ́ di tiwa láti 2006, kò yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ọmọ Molipa
Háà Bàbá Ìbejì, ẹ ń dẹ́rù ba èèyàn. Ilé Ọlọ́run ni o.

Bàbá Ìbejì
Ọlọ́run ló ni ilé, èèyàn ló mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Sista Ìlíṣàn
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo yín. Mo fẹ́ tún ohun kan ṣe, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ló ń ka ìkéde lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àwa Adventist, Sátidé là ń jọ́sìn, ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè òun gan-an ló máa bá gáàdì 😀 A ń ṣe VBS dáadáa, tọmọ ẹlẹ́sìn tọmọ ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn là ń gbà. Yàtọ̀ sí VBS, ẹgbẹ́ wà fún àwọn ọmọ jálẹ̀ ọdún, Adventurer ni wọ́n ń pe ti àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́sàn-án, Pathfinder ni ti ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ta okùn, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa, yíyan bíi sójà. Ẹ̀yin Bápítísìtì náà ní tiyín, Sunbeam fún àwọn kékeré, GA fún àwọn obìnrin, RA fún àwọn ọkùnrin. Tí ìyá bá ti fi ọmọ sínú ẹgbẹ́ kí ìsinmi tó dé, ó ti mọ àwọn tíṣà, àwọn náà ti mọ̀ ọ́n, kò ní máa sáré bẹ̀bẹ̀ nípàrí oṣù keje.

Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa lẹ kó wọn wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ìgbín tàbí edé sínú kúlà ọmọ.

Àlàájà Kékeré
Èmi Mùsùlùmí ni o, ẹ má yà á lẹ́nu pé mo wà níbí. Ọmọbìnrin mi tẹ̀ lé ọmọ aládùúgbò wa lọ VBS, èmi fúnra mi ni mo gbà fún un. Kó tó lọ mo lọ bá obìnrin tó jẹ́ olórí wọn, mo ní ìyá àfáà ni màmá mi, ọmọ yìí ń lọ ilé kéwú, ó lè bá wọn kọrin, ó lè bá wọn ṣeré, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pè é síwájú pé kó wá gba Jésù láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ó gbà, ó sì pa á mọ́. Ọmọ wálé pẹ̀lú orin lẹ́nu, bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ìjẹ̀bú la wà, ilé kan ṣoṣo ni onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń gbé, Ìyá Àdùkẹ́ máa rí i tí Ojúde Ọba bá dé.

Adé Ṣágámù
Àlàájà mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n pè é. Ìwàásù ló wà fún. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ ìpè, ó yẹ kó wá ibòmíì.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́
Ìwàásù ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde, òun náà máa dìde ni, kò mọ ìdí. Àwa máa ń sọ fún òbí níwájú ohun tí a máa kọ́ wọn lójoojúmọ́, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn á mú ọmọ rẹ̀ dúró sílé. Mi ò rí ohun tó burú nínú ohun tí Àlàájà béèrè.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Láyé tiwa kò sí VBS, tí iléèwé bá ti tì oko yá. Èkó ló kó gbogbo ìranù yìí wá. Tai Solarin, olùkọ́ àgbà tó kúrò ní iléèwé Mólúṣì níbí torí pé kò fara mọ́ kí wọ́n máa fi ẹ̀sìn kún iṣẹ́ iléèwé, tó lọ dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan nínú ọgbà rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì là. Ẹ fi ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́
Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n àgbà, ṣùgbọ́n VBS kì í ṣe nǹkan Èkó. Ní 1898 ní New York ni ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì kan, Ìyáàfin Hawes, háyà ilé ọtí torí kò rí ibòmíì tó máa gba àwọn ọmọ tó ń rìn gbéregbère ní títì nígbà ooru. Oṣù keje sí ìkẹjọ ni ooru wọn, òun ló jẹ́ ká máa pè é ní summer nígbà tí òjò ń pa wá níbí.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Igbó
Ilé ọtí kẹ̀? Ó dáa náà.

Màmá Gàrí
Ọ̀rọ̀ bàbá lórí èyí àgbà o, ẹ má fojú fò ó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá máa ń tijú láti bá àwọn kékeré ṣe "Jésù fẹ́ràn mi" pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Ẹ béèrè bóyá ó lè wà lára àwọn tó ń ran tíṣà lọ́wọ́, kó máa pín ìwé, kó máa ka orúkọ. Tèmi fẹ́ràn ìyẹn ju kó jókòó lọ.

Adé Ṣágámù
Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà o. Ọjọ́ tó bá kẹ́yìn wọ́n sábà máa ń kó wọn jáde. Tiwa lọ Ìkẹ́nnẹ́ lọ wo ilé Awólọ́wọ̀, wọ́n gbádùn rẹ̀. Ìjọ kan kó tiwọn lọ Òkè-Èrì lọ wo ibojì Bìlíkísù Súngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní òun ló ni kí wọ́n gbẹ́ yàrà Erédò, ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ, àwọn kan ní ojúbọ ni, pé kí ni ọmọ Sọ́ńdè sùkúù ń wá níbẹ̀.

Ọmọ Molipa
Ìtàn wa ni jàre. Odi àti yàrà Erédò tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bí kìlómítà 160, àwọn ibì kan jìn tó mítà 20, àwọn òyìnbó ń wọkọ̀ òfuurufú wá wò ó. Kí ọmọ Ìjẹ̀bú má wò ó torí ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì?

Sista Ìlíṣàn
Ó dáa kí wọ́n mọ ìtàn, ṣùgbọ́n níbi ibojì yẹn wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọlé. Ìdajì ọmọ tí ẹ kó lọ á dúró síta. Wọ́n lè wo yàrà láìdé ibojì. Kí wọ́n sì má lọ lọ́jọ́ òjò, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀.

Bàbá Ìbejì
Tó bá jẹ́ ibi omi ni wọ́n fẹ́ kó wọn lọ, Yemọji tàbí ibòmíì, ẹ béèrè ta ló mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú àwọn tíṣà. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ mú ọmọ yín dúró sílé lọ́jọ́ náà.

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti lọ káàkiri. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí kò jìnnà sí wa, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ, ọ̀fẹ́ ni, aago mẹ́sàn-án sí kan, wọ́n gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo béèrè àwọn ìbéèrè Bàbá Ìbejì, olórí wọn ò bínú rárá, ó mú fọ́ọ̀mù jáde tí mo máa kọ orúkọ èèyàn méjì sí tó lè wá mú wọn, ó tún ní kí n lẹ fọ́tò wọn mọ́ ọn. Ní ibì kejì, bọ̀dá tó wà níbẹ̀ ní ṣé mi ò fọkàn tán ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo jáde. Ìkẹta ni lẹ́sìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, aago méjì, ṣùgbọ́n wọn ò gba ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n ní ó di márùn-ún.

Ó ku àbíkẹ́yìn, ó sì ku ọ̀sán. Màmá Gàrí, ṣé àǹtí aránṣọ yín ṣì ń gba ọmọ?

Màmá Gàrí
Tèmi ti kún ilé rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò kan tó ń gbé lọ́nà tiyín. Mo máa bi í. Ti àbíkẹ́yìn, ẹ wá ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ tí kì í tì nígbà ìsinmi, àwọn kan wà bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbà á fún oṣù kan péré. Ẹ má fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mọ́kànlá fún gbogbo ọ̀sán, ọmọdé lòun náà.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́
Tí ẹ bá ní ìsinmi níbi iṣẹ́ yín, ẹ fi sí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí iléèwé tó wọlé. Ìgbà yẹn ni gbogbo ètò ti ń parí, àwọn ọmọ yunifásítì ti ń padà, kò sí ẹni tó ń gba ọmọ mọ́. Ẹni tó bá sì ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá yìí níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síta níbí.

Abẹ̀kẹ́ Òde Rẹ́mọ
Ẹ má bínú pé mo já lù ú. Ọmọ tèmi kì í jẹ ẹ̀pà, tó bá jẹ ẹ́ ojú rẹ̀ máa wú, mímí á sì dà á láàmú. Mo fẹ́ kó lọ VBS àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó ti tó?

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́
Kò tó. Ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù kọ́ ló ń pín oúnjẹ. Ẹ lọ bá ìyá tó ń se oúnjẹ fúnra yín, ẹ fi ọmọ hàn án. Ẹ kọ ọ́ sí páálí kékeré kí ẹ fi pín-ìnnì mú un mọ́ aṣọ rẹ̀ láyà, "Mi ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀pà", torí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa fún un, tíṣà ò ní mọ̀. Kí oúnjẹ tirẹ̀ wá láti ilé. Tí dókítà bá ti fún yín lóògùn tó máa ń lò, ẹ fi lé olórí wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.